Rédíò Kì í Wúkọ́

Kò sẹ́ni tó fipá mú mi lọ. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo ẹni tó bá ka ọ̀rọ̀ yìí, torí ẹ̀sùn tí mo ní pọ̀, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ṣebí èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Ẹ̀sùn ṣì jẹ́ ẹ̀sùn.

Ní Ìlọrin ni mo ti kàwé gboyè, lórí ọ̀rọ̀ ìjà àti bí a ṣe ń parí rẹ̀. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo padà sílé ìyá mi ní Isolo-Opin, mo ń bá a kọ ebè iṣu, mo sì ń kọ̀wé wáṣẹ́. Bàbá mi ti kú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, Bọ̀dá Dáre, ti kó lọ sí Ìlọrin tipẹ́, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú wa. Nígbà tó yá, ẹgbẹ́ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àlàáfíà kọ̀wé sí mi pé kí n wá yọ̀ǹda ara mi ní ibùdó àwọn ogunléndé kan ní Ùgáńdà, níbi tí àwọn tí ogun lé kúrò ní Gúúsù Sùdáánì ń gbé. Wọ́n á fún mi ní ibùsùn àti oúnjẹ, wọn ò ní san owó iṣẹ́.

Ìyá mi gbọ́ ọ, ó gbé ọkọ́ sílẹ̀.

“Gbogbo ìwé tó o kà yìí, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ní kó o fi ṣe?”

“Màámi, ibẹ̀ ni ọ̀nà ti máa ń là.”

“Ó dáa. Bó bá ti ń là, kó o máa tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ojú ọ̀nà ọ̀fẹ́ máa ń ní kòtò.”

Bí mo ṣe lọ nìyẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lọ́kàn jẹ́ níbẹ̀ ni ìkíni. Nílé wa, o ò lè gba ẹ̀yìn ẹni tó ń bó ẹ̀gẹ́ kọjá kó o má kí i. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní ìkíni tirẹ̀, ẹni tó jókòó lásán ní tirẹ̀, ẹni tí òjò pa náà ní tirẹ̀. Nínú ọ́fíìsì ẹgbẹ́ wa, mo wọlé láàárọ̀, mo kí gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó gbójú sókè kúrò lára kọ̀ǹpútà sọ pé “háì” bí ẹni tó ń lé eṣinṣin. Mo rò pé inú ń bí wọn sí mi. Mo ronú títí di ọ̀sán lórí ohun tí mo ṣe.

Nínú ibùdó, ọ̀nà míì ni ìkíni gbà dójú tì mí. Wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Akúọl, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ga bí igi àgbọn, orí rẹ̀ ti funfun. Bí mo ṣe rí àgbàlagbà, orúnkún mi ti kanlẹ̀ kí n tó ronú. Màmá pariwo. Ó rò pé oòrùn ló dá mi wó. Àwọn obìnrin tó wà nídìí omi sáré wá, ọ̀kan gbé mi lápá, ọ̀kan da omi tútù sí mi lórí, èmi sì ń sọ lábẹ́ omi pé mò ń kí yín ni, mò ń kí yín ni. Nígbà tó wá yé wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn wọn fi jí.

Màmá nu ojú mi, ó ní pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ tó máa ń gbà ní ọ̀nà ẹ̀bùrú, “Níbí, tó o bá fẹ́ kí mi, dúró. Ẹni tó bá wólẹ̀, a máa ń sìnkú rẹ̀ ni.”

Ẹ jẹ́ kí n ka ẹ̀sùn tó kù bí ó ṣe yẹ. Àwọn olùyọ̀ǹda tó wá láti Yúróòpù ń sùn nínú ọgbà, níbi tí iná oòrùn wà. Èmi ni wọ́n fún ní yàrá tó fara ti ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n ní mo jẹ́ ará Áfíríkà, mo ti mọ ooru. Àwọn ọmọ Ùgáńdà tá a jọ ń ṣiṣẹ́ sì ní òyìnbó ni mí, torí bàálù ló gbé mi wá. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á gun alùpùpù wọn lọ sọ́dọ̀ aya àti ọmọ. Àwọn ogunléndé ní ara wọn. Mo wà láàárín gbogbo wọn bí òkúta láàárín ẹ̀wà. Wọn ò pe orúkọ mi, “Nàìjíríà” ni wọ́n ń pè mí. “Nàìjíríà, bá wa gbé àga.” Ọ̀kan nínú àwọn ará ọ́fíìsì tiẹ̀ fọwọ́ bo kọ̀ǹpútà rẹ̀ nígbà tí mo jókòó tì í, ó ní eré ni, òun mọ̀ pé àwa ọmọ Nàìjíríà mọ jìbìtì. Mo bá a rẹ́rìn-ín.

Ọ̀gá wa, obìnrin kan tó ń jẹ́ Hánà, kọ́ wa bí a ṣe ń tẹ́tí sílẹ̀. Ó ní kí a kọjú sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, kí a má já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀, kí a jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Iṣẹ́ wa ni pé kí a jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń bá ara wọn jà, kí a gbọ́ tẹnu ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ìjà tó pọ̀ jù níbẹ̀ ni ti omi. Nígbà tí ẹ̀rọ kan bàjẹ́, àwọn obìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ fi kẹ́ẹ̀gì fọ́ orí ara wọn. Èmi ni mo dá a lábàá pé kí wọ́n ṣe bí a ṣe ń ṣe nígbà ẹ̀ẹ̀rùn nílé wa: kí abiyamọ tó pọnmọ àti arúgbó kọ́kọ́ pọnmi, lẹ́yìn náà kí ẹnì kọ̀ọ̀kan pọn kẹ́ẹ̀gì kan ṣoṣo, kó tó padà sẹ́yìn ìlà. Màmá Akúọl gbè mí lẹ́yìn. Ìjà náà rọlẹ̀. Inú mi dùn débi pé mo kọrin wọ yàrá. Nígbà tí Hánà ń ròyìn rẹ̀ fáwọn tó ń fún ẹgbẹ́ lówó, ó ní ọgbọ́n tí ẹgbẹ́ wa mú wá ni. Èmi ni mo ń da tíì sínú ife wọn nígbà tó ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday ni mo máa ń pe ìyá mi. Màá gun òkè kékeré tí táǹkì omi wà, torí ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti ń wọlé dáadáa.

“Kí lo jẹ?” ni ó máa ń kọ́kọ́ bi mí.

“Ìrẹsì, Màámi. Pẹ̀lú ẹja.”

Ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà àti àgbàdo tí wọ́n rò bí tùwó, láàárọ̀ àti lálẹ́.

“Àwọn tẹ́ ẹ jọ wà ń kọ́?”

“Wọ́n fẹ́ràn mi. Ẹ̀yin ń kọ́? Ulé ń kọ́?”

“Ulé dáa. Gbogbo wa wà dáadáa.”

“Èmi náà wà dáadáa.”

Màmá Akúọl máa ń wá wo táǹkì nígbà míì, á bá mi níbẹ̀. Kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ọ̀rọ̀ kan yẹn tó ń jáde lẹ́nu mi léraléra, ó bi mí ní ìtumọ̀ rẹ̀, mo jẹ́wọ́ irọ́ ẹja náà fún un, ló bá sọ mí lórúkọ. “Màdáámù Dáadáa,” ni ó ń pè mí láti ọjọ́ náà. Òun nìkan ni kò pè mí ní Nàìjíríà. Mo gbà á.

Ohun tí ìwé ò kọ́ mi ni pé kò dìgbà tí ebi bá pa èèyàn kó tó mọ̀ pé òun wà lájò. Mo jẹun yó níbẹ̀. Ohun tó wọ́n mi ni ẹni tí yóò pe ilé ní “ulé” létí mi. Mo máa ń rò tẹ́lẹ̀ pé ilé ni ibi tí wọ́n bí èèyàn sí. Níbẹ̀ ni mo ti wá gbà pé ilé ni ibi tí wọ́n ti lè bú ọ láìkọ́kọ́ bi ọ́ pé níbo lo ti wá. Àárọ̀ Sunday, màá sọ̀rọ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà tí owó fóònù mi bá gbé, lẹ́yìn náà màá jókòó sídìí táǹkì, màá máa tún gbogbo rẹ̀ sọ fún ara mi, ohùn tèmi àti ohùn tirẹ̀.

Ọjọ́ Sunday kan báyìí, nígbà tí iṣu ti tó wà, mo pe ìyá mi.

“Níbo lẹ wà, Màámi?”

“Ulé ni mo wà. Níbo ni kí n wà?”

Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹlòmíì wúkọ́, ó jìnnà sí tàkọ́kọ́. Ọmọ kan sunkún, ọmọ kejì gbà á lẹ́nu rẹ̀. Abọ́ ń kan abọ́. Obìnrin kan ń ké pé kí àwọn tí kò tíì gba oúnjẹ bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ìyá mi nìkan ló ń gbé ilé wa.

“Màámi, ta ló ń wúkọ́ nínú ilé?”

“Rédíò ni.”

“Rédíò wo ló ń wúkọ́?”

“Wọ́n ń ṣe eré nínú rẹ̀. Jẹ́ kí n pa á.”

Kò pa nǹkan kan. Ariwo náà ń bá a lọ, ìyá mi sì gé fóònù. Mo dúró sídìí táǹkì. Bí ẹ bá ti gbé ibùdó rí, ẹ ò ní ṣi ohùn yẹn gbọ́ láéláé. Ìdílé púpọ̀ tó sùn sábẹ́ òrùlé kan máa ń wúkọ́ lọ́nà kan, bí ẹni pé wọ́n ń dá ara wọn lóhùn. Àárọ̀ àti alẹ́ ni mò ń gbọ́ ọ láti yàrá mi. Mo ti wọ bàálù kọjá ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè láti lọ jókòó ti ẹni tí wọ́n lé nílé, ìyá mi sì wà nínú irú rẹ̀, ó ń pè é ní rédíò.

Mo pe Bọ̀dá Dáre. Ó kọ́kọ́ kí mi kú ìrọ́jú, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́, torí Bọ̀dá kì í kíni.

“Ẹ sọ fún mi,” mo ní.

“Ta ló sọ fún ọ?”

“Ikọ́ ló sọ fún mi. Ẹ sọ ọ́.”

Ó sọ ọ́. Àwọn agbébọn ti ń jáde nínú igbó tó wà lẹ́yìn oko wa. Wọ́n gbé ọkùnrin méjì lọ lójú ọ̀nà oko, wọ́n sì yìnbọn sínú abà tí ìyá mi ti ń sinmi. Òun àti àwọn obìnrin míì sá gba inú igbó, wọn ò mú nǹkan kan. Wọ́n ti wà nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Iloffa, ìlú tí kò jìnnà sí tiwa, láti ìgbà náà, wọ́n ń sùn lórí ẹní.

“Láti ìgbà wo?”

“Kò tíì pẹ́.”

“Bọ̀dá, láti ìgbà wo?”

“Kó tó di pé òjò àkọ́rọ̀ rọ̀.”

Oṣù ti gorí oṣù. Gbogbo ìlú mọ̀. Ọ̀rẹ́ mi tá a jọ kàwé, tó ń fi àwòrán ọmọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, mọ̀. Àlùfáà tó ń fi àdúrà ránṣẹ́ sí mi mọ̀.

“Ẹ tàn mí jẹ,” mo ní.

“Ta ló tàn ọ́ jẹ? A ṣíji bò ọ́ ni. Ṣé ẹni tó wà lájò ni wọ́n ń kó irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá? Tó o bá gbọ́, kí lo fẹ́ ṣe? Ṣé o máa fò wá bí ẹyẹ?”

“Kí ló dé tẹ́ ẹ ò lọ gbé Màámi wá sọ́dọ̀ yín?”

“Mo lọ. Mo háyà mọ́tò lọ. Wọ́n ní àwọn kì í ṣe ẹrù. Wọ́n tún bi mí léèrè bóyá mo ti jẹun.” Ó mí kanlẹ̀. “Èyí tó burú jù nìyí: ní ọjọ́ ọjà tó ń bọ̀, Màámi àti àwọn obìnrin kan fẹ́ padà lọ wa iṣu. Wọ́n ní iṣu ò ní jẹrà sínú ilẹ̀ lójú àwọn.”

Mo lọ bá Hánà fún àyè láti lọ sílé. Ó ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní ó dun òun gan-an, ṣùgbọ́n ìyá mi wà láàyè, ó sì wà níbi tó láàbò, àwọn tó ń fún ẹgbẹ́ lówó sì ń bọ̀ lọ́sẹ̀ náà gan-an. Èmi ni wọ́n ti yàn láti bá wọn sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń tẹ́tí sí ẹni tí ogun lé. Kò kọjú sí mi títí ó fi sọ ọ́ tán. Mo dúró, mo ń wo irun orí rẹ̀.

Ojoojúmọ́ ni mo ń gun òkè lọ pe ìyá mi. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Iloffa bá jẹ́ kí ó wọlé, ìyá mi á gbé e, a ó sì jà. Mo bẹ̀ ẹ́, mo halẹ̀, mo sọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé. Ó ní òun bí mi, èmi ò bí òun. Ó ní ta ló máa mọ̀ pé àwa la ni ilẹ̀ yẹn bí gbogbo wa bá kó lọ sí Ìlọrin.

Màmá Akúọl bá mi níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo ti ń sunkún. Mo ṣàlàyé fún un. Ó gbọ́ ọ, ó fi ẹsẹ̀ ti òkúta kan síbi tí omi ti ń jò.

“Ìyá rẹ ń purọ́ fún ọ,” ó ní.

“Bẹ́ẹ̀ ni.”

“Obìnrin burúkú. Ìwọ, Màdáámù Dáadáa, ẹja wo lo jẹ lánàá?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Inú bí mi sí i. Mi ò kí i fún odindi ọjọ́ kan.

Àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn àlejò dé, ó ku ọ̀la kí àwọn obìnrin tó wà ní Iloffa lọ sóko. Wọ́n ti to àga sábẹ́ igi. Hánà ń wá mi. Mo gun òkè, mo pe ìyá mi, ó wọlé.

“Ṣé ìjà la tún fẹ́ jà?” ni ohun tó kọ́kọ́ sọ.

“Rárá. Mo fẹ́ sọ ohun tí mo jẹ fún yín.”

“Kí lo jẹ?”

“Ẹ̀wà. Ẹ̀wà ni láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mi ò rí ẹja tí mò ń sọ. Èmi àti ògiri la jọ ń jẹ ẹ́. Wọn ò fẹ́ràn mi, Màámi. Wọn ò kórìíra mi náà, wọn ò rí mi ni. Wọn ò pe orúkọ mi. Ẹ̀gbẹ́ ilé ẹrù ni mò ń sùn. Kí ìjà yìí tó dé, ẹ̀yin nìkan lẹ ń bá mi sọ̀rọ̀.”

“Ní ọjọ́ Sunday nìkan?”

“Ọjọ́ Sunday nìkan.”

Mo gbọ́ tí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ń wúkọ́.

“O sì ń sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ràn rẹ.”

“Ẹ̀yin náà ní rédíò ń wúkọ́.”

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ó ní, “Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí yìí…” fóònù sì gé. Mo pè títí, kò wọlé mọ́. Mo sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n ní kí n dìde sọ̀rọ̀, mo dìde, mo ní ẹ má bínú, mò ń retí ìpè, mo sì jókòó. Àwọn àlejò wo Hánà. Hánà wo ilẹ̀. Ó bá mi wí lẹ́yìn náà, mo sì jẹ́ kó sọ ọ́ tán, bó ṣe kọ́ mi.

Ọjọ́ kejì, mi ò lọ sí ọ́fíìsì. Mo mọ ìgbà tí Màámi àti àwọn obìnrin náà á ti gbé agbọ̀n, ìgbà tí wọ́n á ti kọjá ibi tí ọ̀dà pin sí, tí ó ku erùpẹ̀ nìkan. Fóònù ìyá mi kú. Ti Bọ̀dá ń dún, kò gbé e. Màmá Akúọl wò mí, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó fa kọ́kọ́rọ́ ẹ̀rọ omi yọ lọ́rùn, ó fi lé mi lọ́wọ́, ó lọ jókòó sábẹ́ igi. Èmi ni mo fún gbogbo ìlà náà lómi lọ́jọ́ yẹn. Bí mo bá gbàgbé láti ti ẹ̀rọ, tí omi kún àkúnya, obìnrin tó kàn á rọra gbé ọwọ́ mi kúrò, á tì í.

Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù mi tó dún. Nọ́ńbà Bọ̀dá ni. Mo ń sá gun òkè bí mo ṣe ń gbé e.

“Ìlọrin ni mo wà,” ìyá mi wí.

Mo fi ọwọ́ kan di táǹkì mú.

“Wọ́n ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibí kì í já. Ọjọ́ Sunday nìkan ò tó fún ẹni tó ń bá ògiri jẹun. Ṣé o wà níbẹ̀?”

“Mo wà níbẹ̀. Ẹ ò lọ sóko.”

“Mi ò lọ. Wọ́n lọ, wọ́n bọ̀. Kò sóhun tó ṣe wọ́n. Kálukú gbé iṣu rẹ̀ wálé, tèmi nìkan ló wà nínú ilẹ̀. Inú ń bí mi. Inú ń bí mi sí ìwọ gan-an.”

“Ẹ má bínú, Màámi.”

“Mò ń bínú. Ṣebí òótọ́ lo ní ká máa sọ. Mi ò fẹ́ràn ibí yìí. Ìyàwó Dáre ń kí mi bí ẹni tó ń sanwó orí. Omi wọn ń rùn. Wọ́n ti gbogbo ilẹ̀kùn pa bí ẹni tó ń sin adìyẹ. Láti àárọ̀ mi ò rí ẹni tí mo máa kí pé ó kú iṣẹ́, torí inú ilé ni gbogbo wọn ń ṣiṣẹ́ sí. Gbọ̀ngàn tí mo kúrò yẹn, ó tutù, ẹ̀fọn ibẹ̀ tó ẹyẹ, eegun ẹ̀yìn mi ò tíì nà láti ọjọ́ tí mo ti débẹ̀, mi ò sì sọ fún ẹnì kankan. Ọjọ́ tí wọ́n yìnbọn, mo sá, mo fi bàtà kan sílẹ̀, ìtọ̀ bọ́ lára mi.”

Ní gbogbo ayé mi, mi ò gbọ́ kí ìyá mi ráhùn rí. “A dúpẹ́” nìkan ni mo mọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, nígbà tí bàbá mi kú, nígbà tí iná jó àká wa. Mo jókòó sórí ilẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ti táǹkì. Mi ò já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó sọ ti oúnjẹ tí wọ́n máa ń pín ní gbọ̀ngàn, bí wọ́n ṣe máa ń fún ẹni tí wọ́n mọ̀ ní púpọ̀. Ó sọ ti obìnrin tó ń sunkún ọkọ rẹ̀ lójú oorun. Nígbà tó dákẹ́ láti mí, mo la ẹnu.

“Màámi…”

“Má tíì dá mi lóhùn,” ó ní. “Mi ò tíì dé orí ọ̀rọ̀ ìrọ̀rí tí wọ́n fún mi.”